Ìlà Inú Ìbọn: Ìtàn Bí Wọ́n Ṣe Gbẹ́ Ìbọn Ológun Àtijọ́ Fẹ̀

Àbúrò bàbá tó bí bàbá mi, ọdẹ ni. Bàbá Ọdẹ ni gbogbo wa ń pè é, ìbọn kan ṣoṣo ni mo sì mọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ títí ó fi dolóògbé. Lára irin pẹlẹbẹ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ apátí ìbọn náà, wọ́n ya adé kékeré kan, wọ́n sì kọ lẹ́tà márùn-ún sí i: TOWER. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà, mo rò pé orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ ni ìbọn náà ni, mo sì ń bi bàbá léèrè ibi tí Ọ̀gbẹ́ni Tower ń gbé. Ẹ̀rín ni ó fi ń dá mi lóhùn. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, nígbà tí mo ṣì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìdí ìbọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú èéfín, bàbá sì gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Alágbẹ̀dẹ tú ìdí rẹ̀, ó fọ inú ọ̀pá náà, ó gbé e sójú oòrùn, ó sì wò ó títí. Lẹ́yìn náà ni ó pè wá pé kí á wá wò ó. Nítòsí ìdí ìbọn náà, ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta hàn lára irin. Wọ́n lọ́ díẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fẹ́ yí ọ̀pá náà po, kí wọ́n tó parẹ́. Láti ibẹ̀ dé ẹnu ìbọn, dídán ni inú rẹ̀ ń dán. Alágbẹ̀dẹ ní, "Bàbá, ìbọn yín yìí ti kọlà rí. Ẹnìkan ló ha ìlà rẹ̀ nù."

Ó pẹ́ gan-an kí n tó mọ ohun tí alágbẹ̀dẹ náà rí. Mo ti di olùkọ́ ní yunifásítì, mo sì ń ṣe àkójọ àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn ọdẹ ń lò nípa iṣẹ́ wọn, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn ìbọn kí n lè mọ ohun tí àwọn ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé kì í ṣe ìbọn Bàbá Ọdẹ nìkan ni wọ́n ha ìlà rẹ̀ nù. Ìjọba ni ó pàṣẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, tí wọ́n sì ṣe é fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìbọn. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa, "ìbọn ìbílẹ̀" ni wọ́n ń pe ìbọn tí à ń ki láti ẹnu. Wọ́n á tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrun àti ọfà, gẹ́gẹ́ bí ẹni pé òpin ohun tí àwọn baba wa lè mọ̀ nìyẹn. Èrò mi ni pé ẹni tí ó bá ń kọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀ ti fo ojú ewé kan nínú ìtàn. Nínú àìlágbára ìbọn náà, ó ní èyí tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe, ó sì ní èyí tí wọ́n fi òfin ṣe.

Kí ọ̀rọ̀ mi lè yé ẹni tí kò yìnbọn rí, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo inú ọ̀pá ìbọn. Oríṣi méjì ni. Ọ̀kan wà tí inú rẹ̀ dán láti ìdí dé ẹnu. Ìbọn aláìnílà ni n ó pe ìyẹn. Èkejì ni èyí tí wọ́n fa ìlà sí inú rẹ̀, tí ìlà náà sì ń lọ́ bí okùn tí a ń pa. Ìbọn onílà ni n ó pè é. Bí ẹ̀tù bá gbiná nínú ìbọn onílà, ọta tí ó fún mọ́ àárín ìlà wọ̀nyí yóò máa pòòyì bí òkòtò bí ó ti ń jáde lọ. Pípòòyì yìí ni kì í jẹ́ kí ó ṣe ségesège lójú ọ̀run. Ọta inú ìbọn aláìnílà kì í pòòyì. Ó ń gbá ara irin lọ́tùn-ún lósì kí ó tó jáde, kò sì sí ẹni tí ó lè búra ibi tí yóò bà bí ó bá ti kọjá ọgọ́rùn-ún yáàdì. (Ẹ̀yin olùkọ́ èdè á ti máa rántí àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí a fi ń dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò lórí ohùn: ẹ̀tù tí à ń kì sínú ìbọn, ẹtu tí à ń lé nínú igbó, àti ẹtù tí ń fò. Ọdẹ nìkan ni ó lè lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú gbólóhùn kan láìṣe àṣejù.)

Ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà ń wọn fífẹ̀ ihò ìbọn. Ti àwọn ọdẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí a mú òjé ìwọ̀n pọ́n-ùn kan, kí a fi rọ ọta róbótó méjìlá tí wọ́n dọ́gba. Ihò tí ọ̀kan nínú wọn bá bá mu rẹ́gí ni wọ́n ń pè ní ojú 12. Ìdí nìyí tí ojú 20 fi kéré ju ojú 12 lọ. Ínǹṣì tàbí mílímítà ni wọ́n fi ń wọn ti ológun. Láti mú kí ihò ìbọn fẹ̀ sí i, alágbẹ̀dẹ yóò di ọ̀pá náà mú ṣinṣin, yóò fi òróró sí i, yóò sì máa yí irin olójú mímú gba inú rẹ̀ lọ, díẹ̀díẹ̀. Bí ihò ti ń fẹ̀ ni ara irin ń tín-ín-rín. Tí kò bá fa ìlà tuntun sí i lẹ́yìn náà, ìbọn onílà ti di aláìnílà nìyẹn. Kò ní lè gba ẹ̀tù púpọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, kò sì ní lè rán ọta lọ jìnnà. N kò sọ pé kò wúlò o. Ìbọn aláìnílà yá á kì, ó sì lè gba ọta wẹ́wẹ́ tí ń fọ́n ká. Ohun tí ọdẹ ń fẹ́ nínú igbó dúdú nìyẹn, níbi tí ẹran kì í ti í ju ogún ìṣísẹ̀ lọ síni. Àmọ́ ogun kì í ṣe ọdẹ.

Ilẹ̀ Íńdíà ni ibi tí mo ti kọ́kọ́ rí i pé ìjọba fi ọwọ́ ara rẹ̀ ha ìlà ìbọn nù. Ní 1853, àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìbọn tí wọ́n ń pè ní Enfield. Ẹnu ni wọ́n ti ń kì í, ihò rẹ̀ fẹ̀ tó .577 ínǹṣì, ó sì ní ìlà mẹ́ta nínú. Àmì tí wọ́n fi ń wo ọ̀kánkán lórí rẹ̀ lọ dé 900 yáàdì. Inú ìwé tí wọ́n fi ọ̀rá pa ni wọ́n di ẹ̀tù àti ọta rẹ̀ sí, eyín ni ọmọ ogun sì ń fi ya ìwé náà. Ìròyìn tàn ká láàrin àwọn ọmọ ogun Íńdíà pé ọ̀rá màlúù àti ti ẹlẹ́dẹ̀ ni. Màlúù jẹ́ ohun ọ̀wọ̀ fún àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, ẹlẹ́dẹ̀ sì jẹ́ èèwọ̀ fún àwọn Mùsùlùmí. Ọ̀rọ̀ ọ̀rá yìí wà lára ohun tí ó tanná ran ọ̀tẹ̀ ńlá tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Meerut ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún 1857, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀dùn ọkàn mìíràn ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ìtàn yìí wà nínú gbogbo ìwé. Ohun tí ó tẹ̀lé e ni àwọn ìwé kì í sábà sọ.

Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì borí ọ̀tẹ̀ náà tán, wọ́n ní àwọn kò ní jẹ́ kí ìbọn ọmọ ogun Íńdíà dọ́gba pẹ̀lú ti ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni wọn kò lè gba ìbọn lọ́wọ́ wọn pátápátá, nítorí pé àwọn ọmọ Íńdíà náà ni wọ́n fi ń ṣọ́ Íńdíà. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ní 1858 ni pé kí wọ́n gbẹ́ inú Enfield títí gbogbo ìlà rẹ̀ yóò fi parẹ́. Ihò tí ó jẹ́ .577 fẹ̀ tó nǹkan bí .656. Ẹni tí ó bá ṣe ìṣirò náà yóò rí i pé nǹkan bíi mílímítà kan péré ni wọ́n ha kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mílímítà kan yìí ni ó ya ọmọ ogun kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Wọ́n yọ àmì ọ̀nà jíjìn orí rẹ̀ náà, wọ́n fi èyí tí kò ṣeé gbé sókè rọ́pò rẹ̀, nítorí kò sí ìdí fún ẹni tí ìbọn rẹ̀ kò lè lọ jìnnà láti máa wo ọ̀ọ́kán. Láìpẹ́, wọ́n rí i pé irin náà ti tín-ín-rín jù. Nítorí náà, ní 1859, wọ́n ṣe irú rẹ̀ tuntun tí ara ọ̀pá rẹ̀ nípọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ kíyè sí i: wọ́n ṣe ọ̀pá tuntun, irin wà, ẹ̀rọ tí ń fa ìlà wà, síbẹ̀ wọn kò fa ìlà sí i.

Láti ìgbà náà lọ, ìgbésẹ̀ kan ni wọ́n máa ń fi ọmọ ogun Íńdíà sẹ́yìn. Ní 1866, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ọgbọ́n ọmọ Amẹ́ríkà kan, Jacob Snider, wọ́n gé ìdí àwọn Enfield àtijọ́, wọ́n sì fi ìlẹ̀kùn kékeré sí i kí wọ́n lè máa ti kátíríìjì bọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn. Nígbà tí ọwọ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti tẹ Martini-Henry tán lẹ́yìn 1871 ni Snider tó di ti ọmọ ogun Íńdíà. Nígbà tí ti Gẹ̀ẹ́sì di Lee-Metford, tí ó ń gba ọta mélòó kan pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ni Martini tó sọ̀kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn.

Snider yìí kan náà ni ó so ìtàn náà mọ́ ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Yúróòpù pa á tì, ó di ọjà, ó sì dé Èkó. Ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ti ń lọ lọ́wọ́ láàrin Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí wọ́n ń ṣòwò ní Èkó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n dáwó, wọ́n ra ìbọn tí à ń kì láti ẹ̀yìn, Snider, Martini àti àwọn mìíràn, wọ́n sì gba ọ̀nà Oǹdó fi ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn wọn ní ojú ogun tí ó wà láàrin Ìmẹ̀sí-Ilé àti Ìgbájọ. Àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n lò kọ́ àwọn yòókù. Ìbàdàn, tí ẹ̀rù rẹ̀ ti ń ba gbogbo ilẹ̀ káàkiri, wá rí i pé ọta ń bà wọ́n láti ibi tí ìbọn tiwọn kò lè dé. Àwọn náà wá irú rẹ̀ kiri. Ààrẹ Látòóòsà kú sí ibùdó ogun ní 1885. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886, àmọ́ ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó túká pátápátá. Àwọn àgbà ní ìró ìbọn ńlá ojú ogun náà ni a fi sọ ogun náà lórúkọ, mo sì gbà bẹ́ẹ̀, nítorí irú ọ̀rọ̀ afarawé-ìró báyìí kò ṣàjèjì nínú èdè wa.

Ohun tí mo fẹ́ kí olùkọ́ fà yọ níbí ni pé, láti bí ọdún 1880 sí 1890, àwọn Yorùbá ń lo ìbọn onílà lójú ogun, wọ́n ń fi kátíríìjì sí i láti ẹ̀yìn, wọ́n sì mọ bí a ti ń tún un ṣe. Ẹni tí ó bá wo ọmọ-ọmọ wọn tí ó ń fi ọ̀pá ki ẹ̀tù láti ẹnu ìbọn ní 1960, tí ó sì rò pé ibẹ̀ ni ìmọ̀ wọn dé, ti ka ìtàn láti ẹ̀yìn.

Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀? Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje 1890, orílẹ̀-èdè mẹ́tàdínlógún fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan ní Brussels. Ìdí tí wọ́n sọ pé àwọn fi ṣe é ni láti fòpin sí òwò ẹrú, n kò sì ní fi ìdí náà ṣẹ̀sín, nítorí ìbọn ni wọ́n fi ń kó ẹrú, a kò sì lè fi ojú fo ìyà tí ó ti ibẹ̀ wá. Ìwé náà fa ìlà sórí àwòrán ayé, láti ìwọ̀n 20 ní àríwá dé ìwọ̀n 22 ní gúúsù. Gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, Haúsá, Ìgbò, Àkán, Éwé, Fọ̀n àti Kóńgò ni ó bọ́ sí àárín rẹ̀. Láàrin ìlà méjèèjì, wọ́n ní kí ìbọn má wọlé, pàápàá ìbọn onílà àti ìbọn ìgbàlódé. Wọ́n yọ irú kan sílẹ̀ tí ìjọba lè gbà láyè: ìbọn olókùúta-ìṣáná tí kò ní ìlà nínú, àti ẹ̀tù lásán tí àwọn oníṣòwò ń tà. Ìbọn onílà wà fún àwọn ọmọ ogun ìjọba tí ń bọ̀ wá gba ilẹ̀ náà, àti fún àwọn tí ìjọba bá fún ní àṣẹ. Lọ́dún mẹ́ta lẹ́yìn àdéhùn yìí ni ogun Kírìjì túká. Àwọn tí wọ́n ti mọ Snider lò padà sílé, ọjà tí wọ́n bá nílé sì ni ọjà tí òfin Brussels fi àyè gbà.

Iṣẹ́ wá pọ̀ fún àwọn alágbẹ̀dẹ Liège ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù. Ó ti pẹ́ tí ìlú yìí ti ń ṣe ìbọn fún gbogbo ayé, tí ó sì ń ra ìbọn tí àwọn ọmọ ogun bá pa tì. Láti bí ọdún 1860 ni àwọn ọmọ ogun Yúróòpù ti ń kó ìbọn tí à ń kì láti ẹnu dànù. Ní Liège, wọ́n á gé ọ̀pá rẹ̀ bí ó bá gùn jù, wọ́n á gbẹ́ ìlà inú rẹ̀ nù, wọ́n á sì yọ ibi tí kápù idẹ ń jókòó sí, kí wọ́n fi apátí olókùúta àtijọ́ rọ́pò rẹ̀. Ìbọn tí ó ti lọ síwájú ní ìṣísẹ̀ méjì ni wọ́n ń fi ọwọ́ fà padà. Kì í ṣe gbogbo ìbọn tí ó wá sí ọ̀dọ̀ wa ni ó gba ọ̀nà yìí. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ṣe ní tuntun ní Birmingham àti Liège, tí wọ́n kò sì ní ìlà rí. Àwọn tí wọ́n ń ṣe wọ́n mọ̀ pé àwọn oníbàárà ní Áfíríkà fẹ́ràn àmì ilé ìbọn ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà wọ́n ń tẹ adé àti TOWER sára ìbọn tí kò fojú kan Ilé-ìṣọ́ Lọ́ńdọ̀nù rí. Bí mo ti mọ ibi tí Ọ̀gbẹ́ni Tower ń gbé nìyẹn. Lára ìbọn Bàbá Ọdẹ, ìwé ara rẹ̀ lè jẹ́ irọ́, ṣùgbọ́n ìlà mẹ́ta inú rẹ̀ kò lè purọ́.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí rán mi létí òmíràn. Àwọn ará Faransé náà ní ìbọn ológun àtijọ́ tí wọ́n ti gé ìdí rẹ̀ bíi ti Snider ní 1867. Nígbà tí wọ́n pa á tì, àwọn ará Liège rà á, wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ fẹ̀ dé ojú 12, wọ́n sì ń tà á fún àwọn àgbẹ̀ àti ọdẹ ní Amẹ́ríkà àti níbòmíràn ní owó pọ́ọ́kú. "Zulu" ni wọ́n ń pè é. Àwọn Zulu kò ṣe é, wọn kò rà á, wọn kò sì mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Orúkọ wọn ló ta ọjà. Ó yẹ kí ẹni tí ó bá ń kọ́ni nípa bí orúkọ ṣe ń rìn láìsí olórúkọ fi èyí kún àpẹẹrẹ rẹ̀.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, Íńdíà tún dá irú ọgbọ́n 1858, lọ́tẹ̀ yìí lórí ìbọn tí ó dára ju ti ìṣáájú lọ. Ìbọn Lee-Enfield tí ihò rẹ̀ jẹ́ .303 ínǹṣì ni wọ́n kó lọ sí ilé iṣẹ́ ìbọn ìjọba ní Ishapore, nítòsí Kolkata. Wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ dé .410, wọ́n sì jẹ́ kí ó dán. Wọ́n fi igi dí àpótí tí ń gba ọta mẹ́wàá lábẹ́ rẹ̀, ọta kan ṣoṣo ni ó kù tí ó lè gbà lẹ́ẹ̀kan. Kátíríìjì rẹ̀, ara ti .303 ni wọ́n ti mú un jáde: wọn kò fún un lọ́rùn mọ́, wọ́n jẹ́ kí ó rí gbọọrọ. Àwọn ọlọ́pàá àti àwọn wọ́dà ọgbà ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fún. Bí ẹlẹ́wọ̀n tàbí ọlọ̀tẹ̀ bá já irú ìbọn bẹ́ẹ̀ gbà, kò lè fi bá ọmọ ogun jà láti òkèèrè. Àwọn Yorùbá ní ìbọn ní apátí o, kò ní apátí o, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n dojú rẹ̀ kọ òun? Ìbọn tí wọ́n sọ di aláìlágbára yìí tó láti dẹ́rù ba èrò tí ó péjọ sí gbàgede, ohun tí wọ́n sì ṣe é fún nìyẹn. Mo ṣàkíyèsí pé nígbà tí Íńdíà gba òmìnira ní 1947, wọn kò kó ìbọn .410 yìí dànù. Ọlọ́pàá ìjọba tuntun ń gbé e káàkiri fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Títí dé ibí, ìjọba ni ó ń pàṣẹ gbígbẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni ìbọn náà máa ń gbẹ́ ẹ fúnra rẹ̀, ìdí tirẹ̀ sì yàtọ̀. Bí ọta bá ti gba inú ọ̀pá kọjá ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà, ìlà inú rẹ̀ á jẹ, ìbọn náà kò sì ní bá ohun tí wọ́n fi sun mọ́. Ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà ní ìbọn Springfield àtijọ́ tí ihò rẹ̀ jẹ́ .30 ínǹṣì. Dípò kí wọ́n ra ọ̀pá tuntun, wọ́n á ní kí alágbẹ̀dẹ gbẹ́ ìlà tí ó ti jẹ náà nù, kí ó sì fa ìlà tuntun sí i ní ìwọ̀n .35. Kátíríìjì tí wọ́n ń pè ní .35 Whelen, tí ó jáde ní 1922, tí wọ́n fi orúkọ ọ̀gágun Townsend Whelen pè, kò ju kátíríìjì àwọn ológun wọn tí wọ́n la ọrùn rẹ̀ fẹ̀ lọ. Òun ni wọ́n sì ń fi pa ẹran ńlá. Fífẹ̀ tí ó fi agbára kún ìbọn ni èyí, nítorí pé ìlà padà sínú rẹ̀. Iṣẹ́ kan náà, irin olójú mímú kan náà. Kìkì pé nínú èyí, ẹni tí yóò yìn ín ni ó pàṣẹ.

Òfin pẹ̀lú máa ń sọ ènìyàn di ẹni tí ń wá ihò ńlá. Ní nǹkan bí 1907, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí ìbọn aládàáni tí ojú rẹ̀ jẹ́ .450 wọ Íńdíà àti Sùdáànì mọ́, nítorí ìwọ̀n yẹn ni ọta Martini-Henry, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé ọlọ̀tẹ̀ lè rí ọta lò. Àwọn tí ń ṣe ìbọn fún ọdẹ erin kò jà. Wọ́n fi díẹ̀ kún un, ó di .465, .470, .475. Ìyàtọ̀ díẹ̀ ni ó gba òwò wọn là, kò sì sí erin tí ó mọ̀ ọ́n.

Láyé òde òní, ọ̀pọ̀ ìbọn .410 ti Ishapore ti dé ọwọ́ àwọn aládàáni ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pàápàá àwọn tí wọ́n fẹ́ràn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 1968 ya ìwé àṣẹ ìbọn onílà sọ́tọ̀ kúrò lára ti ìbọn aláìnílà, ti aláìnílà sì rọrùn díẹ̀ láti gbà. Ìbọn tí wọ́n ha ìlà rẹ̀ nù kí ọmọ Íńdíà má bàa lágbára ni àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì wá ń fi tayọ̀tayọ̀ gbà báyìí, nítorí pé kò ní ìlà. Mo ti ka ọ̀pọ̀ ohun tí irú àwọn onímọ̀-ìbọn bẹ́ẹ̀ kọ, sùúrù wọn sì wú mi lórí. Kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n rà á ni wọ́n ń yìn ín. Wọ́n á da irin rírọ̀ tí í tètè yọ́ sínú ìdí rẹ̀, kí wọ́n lè gba àwòrán ihò náà, nítorí kátíríìjì .410 tí ọjà ń tà lónìí gùn ju èyí tí Ishapore ṣe é fún lọ. Àwọn ẹlòmíràn ti tún ìdí rẹ̀ gbẹ́ kí ó lè gba ti ọjà. Àwọn tí kò fẹ́ fọwọ́ kan an tún ń fi kóòró .303 àtijọ́ ṣe kátíríìjì fúnra wọn. Wọ́n á wò ó bóyá nọ́ńbà ara ìlẹ̀kùn ìdí rẹ̀ bá ti ara ìbọn mu. Wọ́n á so ó mọ́ táyà, wọ́n á fi okùn gígùn fa á láti òkèèrè lẹ́ẹ̀kíní. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó gbé e lé èjìká. Ó wúwo tó kílò mẹ́rin, ọta rẹ̀ sì kéré, nítorí náà kì í fi bẹ́ẹ̀ ta ẹni. Ní ti Enfield tí wọ́n gbẹ́ ní ayé 1858, ẹ̀tù dúdú nìkan ni wọ́n ń fi sí i. Ẹ̀tù òde òní tí kì í rú èéfín le jù fún ara irin tí wọ́n ti ha. Ó lè fa á ya.

Bàbá Ọdẹ kò ka ìwé kankan, síbẹ̀ ó mọ èyí. Àdó kékeré kan ni ó fi ń wọn ẹ̀tù rẹ̀, kò sì fi ìka kan kún un rí, kódà níbi ìsìnkú ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀, tí àwọn ọ̀dọ́ ti máa ń kì í kún kí ó lè dún jìnnà. Ó máa ń sọ pé ara rẹ̀ kò gbà á. Ọmọdé ni mí nígbà náà. Mo rò pé ara òun fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ.

Òfin ìbọn ilẹ̀ Nàìjíríà tí a ń lò ti wà láti 1959, ọdún kan ṣáájú òmìnira. Ó pín ìbọn sí ìsọ̀rí, ìwọ̀n ihò sì wà lára ohun tí ó fi pín in. Nínú ìsọ̀rí tí ó kà léèwọ̀ ni ìbọn ológun wà, ó sì dá ìwọ̀n wọn lórúkọ: mílímítà 7.62 àti 9, .300 ínǹṣì àti .303. Ìbọn ọdẹ tí kì í ṣe ti ìwọ̀n ológun wà nínú ìsọ̀rí kejì. Ìbọn Déènì, ìbọn olókùúta àti ìbọn oníkápù ni wọ́n tò sí ìsọ̀rí kẹta. Ẹni tí ó bá gbé òfin yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé Brussels yóò rí i pé ìlà tí wọ́n fà láàrin ọmọ ogun àti ọdẹ ní 1890 ṣì hàn nínú rẹ̀ kedere. Ó ní ìdí tirẹ̀, n kò sì ní kí á pa á rẹ́, ní orílẹ̀-èdè tí àwọn ajínigbé ń gbé ìbọn 7.62 kiri láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju pé kí á yọ ọ̀rọ̀ náà "ìbílẹ̀" kúrò nínú ìwé àwọn ọmọ, tàbí kí á sọ ilẹ̀ tí wọ́n ti bí i fún wọn.

Ìbọn Bàbá Ọdẹ wà ní ilé ẹbí wa títí di òní. Ọmọ rẹ̀ àgbà gba ìwé àṣẹ rẹ̀. Nígbà tí mo délé kẹ́yìn, mo ní kí ó jẹ́ kí a gbé ọ̀pá náà sójú oòrùn. Ó gbà, ṣùgbọ́n ìpẹtà ti mú ìdí ìbọn náà pinpin, kò sì ṣeé tú. Láti ẹnu rẹ̀, òkùnkùn nìkan ni a rí.